Anàngó ní Àbíjàn, Ọmọ Àbíjàn ní Èjìgbò

Tẹ́ ẹ bá wọ ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pàápàá nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, Faransé tí ẹ máa gbọ́ nígboro á pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọdé méjì á máa bá ara wọn jà ní Faransé níwájú ilé, ìyá wọn á jáde síta, á fi Yorùbá bá wọn wí, wọ́n á tún fi Faransé dá a lóhùn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire tààrà ń gbéra níbẹ̀, ìlú tí kì í ṣe ìlú ńlá rárá o, ẹ sì máa rí ẹni tó ń ṣẹ́ owó sẹ́fà (CFA) tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ilé alájà tó wà níbẹ̀, owó Àbíjàn ló kọ́ ọ. Àwọn bàbá wa ti ń lọ síbẹ̀ láti ayé òyìnbó amúnisìn, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, àbúrò ń pe ọmọ ìyá rẹ̀, títí ó fi di pé agbolé tí ò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire ò wọ́pọ̀ mọ́ ní Èjìgbò.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, Èjìgbò ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí. Tẹ́nìkan bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà ná, torí ohun tí mo máa sọ fún awakọ̀ ní Adjamé, àdúgbò wa ní Àbíjàn, kọ́ ni mo máa sọ fún ìyá ọkọ mi, ìyẹn náà kọ́ ni mo máa kọ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí o. Ohun tó ń dùn mí ni bá a ṣe máa ń ṣe bíi pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, pé ọwọ́ bàbá bàbá ẹni ló wà, àti pé ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ò bá ti gbé níbì kan, kò lè di ará ibẹ̀ láéláé, kó gbé ibẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, kó sin òbí síbẹ̀, kó bímọ síbẹ̀.

Àgbàlá tá a gbé ní Adjamé, àwa, àwọn ará Màlí, àwọn Mossi láti Burkina Faso àti ìdílé Baoulé kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ la jọ ń gbé níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ kan náà la ti ń pọnmi, attiéké kan náà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, la ń jẹ, tí màmá mi bá ń fi Dioula, èdè ọjà ibẹ̀, ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà, ẹ máa rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti já ìwọ́ rẹ̀ ni. Anàngó ni wọ́n ń pè wá. Kì í ṣe èébú o, gbogbo Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe Mossi ní Mossi. Ṣùgbọ́n ní Èjìgbò, mi ò gbọ́ ọ rí kẹ́nìkan ní Anàngó lòun. Ẹ sì wá wo nǹkan tórúkọ yẹn ṣe. Ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìwó, ọmọ Ọ̀ffà, tí kálukú bá wà nílé, ìlú tiẹ̀ ló mọ̀, àwọn míì tiẹ̀ ń bá ìlú tó múlé tì wọ́n jà lórí ààlà ilẹ̀. Wọ́n dé Àbíjàn tán, wọ́n di Anàngó pa pọ̀, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń dá àjọ pọ̀. Tí wàhálà bá sì wá dé bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, Anàngó àti Ibo tí ò kí ara wọn lánàá á jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Èmi ò rò pé ìkankan nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó dúró níwájú wa tó ń wò wá ló ń pinnu bí ẹgbẹ́ tá a máa jẹ́ ṣe máa fẹ̀ tó lọ́jọ́ náà.

Àwọn òbí mi máa ń sọ pé àjò kì í dùn kónílé má relé. Òótọ́ ni fún àwọn, torí ilé ni wọ́n ti gbéra. Ẹni tí wọ́n bí sórí àjò wá ńkọ́? Nígbà tí mo tó ọmọ tó ń lọ iléèwé, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi kí n lè mọlé. Ilé ọ̀hún rèé, àwọn ọmọ àdúgbò ní ọmọ Àbíjàn ni mí, wọ́n máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé kí n sọ Faransé káwọn gbọ́, tí mo bá sọ Yorùbá wọ́n á máa sín mi jẹ.

Ìyá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé gbogbo àárọ̀ ló máa ń rán mi lọ kí wọn káàkiri agbolé, ojúlé sí ojúlé. Mo gbọ́dọ̀ padà wá ròyìn: ta ló sùn tí ara rẹ̀ ò yá, ta ló rìnrìn àjò dé, ìyàwó ta ló bímọ. Tí wọ́n bá ń ṣòkú nílé kan, màá wà lára àwọn tó ń fọ abọ́. Tó bá di alẹ́, á máa ki mí, á ki bàbá mi, á ki bàbá bàbá mi, mi ò mọ ìtumọ̀ ìdajì ohun tó ń sọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ọmọ ibí ni mí lóòótọ́. Ó ní, "Ẹni tó mọ ẹni tó kú nílé yìí, tó mọ ẹni tó bímọ, tó sì mọ ohun tó kàn án láti ṣe sí i, òun lọmọ ilé yìí." Ó tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sínú yàrá yẹn gan-an ni kì í ṣe ọmọ ilé mọ́, torí wọn ò béèrè ẹnikẹ́ni. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Côte d'Ivoire díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ "ọmọ onílẹ̀" lè fi orílẹ̀-èdè ṣe.

Houphouët-Boigny ló ṣe olórí wọn láti ìgbà òmìnira ní 1960 títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Ó gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀, torí oko kòkó àti kọfí ń fẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn àlejò láti ilẹ̀ tó yí wọn ká tiẹ̀ ń dìbò níbẹ̀ títí di ìdìbò ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àlejò tí wọ́n fẹ́ràn, ọ̀tọ̀ ni ará ilé. Láti 1972 ni òfin wọn ti sọ ọ́ kedere pé ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ wọn, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì, àjèjì lòun náà. Bí mo ṣe di ọmọ Nàìjíríà nínú ọsibítù ní Àbíjàn nìyẹn, kí n tó mọ Nàìjíríà rárá. Nígbà tí owó kòkó wá já wálẹ̀ tí ìlú le, ojú yí padà. Ọdún 1990 ni wọ́n gbé carte de séjour dé, káàdì tí àlejò gbọ́dọ̀ máa fowó rà kó tó lè gbé ibẹ̀. Bàbá mi máa ń fi tiẹ̀ sínú lailọ́ọ̀nù, á tún fi lailọ́ọ̀nù míì wé e, torí ó ti rí i kí ẹni tó dúró sójú ọ̀nà ya káàdì ẹlòmíì sí méjì lójú ẹ̀, kó ní ibo ni káàdì rẹ wà. 2007 ni wọ́n tó yọ àwa ọmọ ECOWAS kúrò nínú káàdì yẹn.

Lẹ́yìn ikú Houphouët, Henri Konan Bédié gbàjọba, ìgbà tiẹ̀ ni gbogbo ẹnu gba ivoirité, pé ta ni ojúlówó ọmọ Côte d'Ivoire, ta ni kì í ṣe ojúlówó. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 1994 ní ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ, bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé Alassane Ouattara ni wọ́n ń bá wí, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba fún wọn rí o, wọ́n ní Burkina ni bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ wọn ní 2000. Ẹ sì rántí pé nínú ètò ìkànìyàn wọn ní 1998, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà tí wọ́n kà sí àjèjì. Ẹ fojú inú wò ó, kẹ́ ẹ jí lọ́jọ́ kan kí gbogbo rédíò máa béèrè pé bàbá ta ló bí ẹni tó kọ́ṣọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ilẹ̀ pín sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Àwọn ará àríwá tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé, nítorí pé orúkọ wọn jọ ti ará Màlí, wọ́n sọ wọ́n di àjèjì nílẹ̀ bàbá wọn. Lẹ́yìn ìdìbò 2010, ìjà Laurent Gbagbo, ààrẹ tó wà lórí àléfà, àti Ouattara pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn kí wọ́n tó mú Gbagbo ní oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa sá wálé lásìkò yẹn. Àwọn ọmọ tí wọn ò dé Èjìgbò rí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ilé kan tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́fà ló ń gbé e tẹ́lẹ̀ wá ń sun ogún. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé kankan. Orúkọ bàbá wọn ni wọ́n dá, wọ́n sì nawọ́ oúnjẹ sí wọn. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí ẹ̀, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ tó ń sọ Faransé nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Àwọn Yorùbá pọ̀ lára wọn gan-an, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí, àwọn Èjìgbò náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú ẹ̀, títí dòní àwọn ọmọ wọn ṣì ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ní kí àjèjì tí ò ní ìwé máa lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọmọ Gánà di ẹrù wọn sínú báàgì tá a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ọdún mẹ́tàlá àti díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn tó ń sunkún 1969 ṣì wà láyé, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wà ní Èkó. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé ohun tó dun wá tó bẹ́ẹ̀ ò kọ́ wa ní nǹkan kan.

Ó wá dé orí tèmi nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì. Fọ́ọ̀mù béèrè ìpínlẹ̀ tí mo ti wá àti lókà gọ́fúmẹ́ǹtì. Ìwé bàbá mi, Ọ̀yọ́ ló wà níbẹ̀, èmi Ọ̀ṣun ni mo kọ, torí oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Bàbá àti ọmọ, agbolé kan náà, ìpínlẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ gba ìwé ọmọ ìlú, wọ́n bi mí ní orúkọ agbolé àti orúkọ mọ́gàjí, mo dáhùn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi. Kò nira rárá. Ìgbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo tó rí òdìkejì ẹ̀. Ẹni tá a jọ wà ní yàrá, Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí, Ọ̀ṣun ló ti lọ iléèwé láti jẹ́léósinmi, Yorùbá rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ọmọ Ibo ni bàbá ẹ̀. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé wá ní ìlú tí kò sùn mọ́jú rí.

Mo lọ ka òfin yẹn fúnra mi. Abala 318 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 ló ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí ọ̀kan nínú òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ó parí. Ibi tí wọ́n bí ẹ sí ò sí níbẹ̀, ọdún tó o lò ò sí níbẹ̀, owó orí tó o san ò sí níbẹ̀. Abala 42 nínú ìwé kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ibi tẹ́nìkan ti wá rẹ́ ẹ jẹ o. Síbẹ̀ àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kan ṣì ń gba owó iléèwé tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin ló tún wá ń jìyà ẹ̀ jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo, ọmọ Anambra tó fẹ́ ará Abia, tó ti ń ṣe adájọ́ ní Abia tipẹ́, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti búra fún un sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn torí pé ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló bá wọlé. Ariwo ta kí wọ́n tó padà búra fún un. Adájọ́ nìyẹn o.

Ohun tó kó mi lọ́kàn jù ni pé òfin tó ní mi ò kì í ṣe ọmọ Àbíjàn àti òfin tó ní ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè. Òbí rẹ dà? Ọ̀kan tì mí jáde, ìkejì fà mí wọlé, èmi ò sì ṣe nǹkan kan láti yẹ fún èyíkéyìí.

Gbogbo ọdún ni wọ́n máa ń ṣọdún Ògìyán, òrìṣà ìlú wa, ní Èjìgbò, àdúgbò méjì á pàdé, wọ́n á máa fi àtòrì na ara wọn. Ìtàn táwọn àgbà ń sọ ni pé babaláwo kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba ti kúrò nílùú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà dé ẹnubodè, orúkọ àwàdà tó máa ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi béèrè rẹ̀, pé ibo ni ajẹyán wà. Àwọn oníbodè ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ó rí ọba fín, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Òjò ò rọ̀ mọ́, obìnrin ò lóyún mọ́, àfìgbà tí Ifá sọ ọ́ pé aláìṣẹ̀ kan wà ní àtìmọ́lé. Ọba tú u sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú fi àtòrì na ara wọn. Mùsùlùmí ni mí, mi ò kì í bá wọn ṣorò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìlú míì tó ń fi ara rẹ̀ san gbèsè lọ́dọọdún torí pé wọn ò dá ènìyàn wọn mọ̀ lẹ́nu ibodè.

Òrìṣà yìí kan náà bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Ní Bahia ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń kọ ọ́, odó àti iyán ni wọ́n fi ń ṣọdún rẹ̀, wọ́n ṣì ń fi àtòrì kan ara wọn lára. Nínú ilé òrìṣà tiwọn, ẹni tí wọ́n bá ṣe òrìṣà fún ló di ọmọ ilé, kó dúdú, kó funfun, wọ́n á ní ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé náà, wọ́n á sì máa ṣe iṣẹ́ ilé. Àwọn tí ìgbèkùn já ìdílé wọn sọ nù pátápátá nìyẹn o, tí kò sí bí wọ́n ṣe lè mú bàbá bàbá ẹnikẹ́ni jáde, àwọn ló wá fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ́ ìdílé míì.

Nígbà tí bàbá mi kú, Àbíjàn ló kú sí, ọjọ́ kan náà la sin ín bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò dé kí n tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n ti kówó jọ, akọ̀wé ti ń kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ará Màlí àgbàlá wa ni wọ́n jọ wẹ òkú náà, ìyá Baoulé yẹn ló dáná fún èrò títí di alẹ́. Àwọn ará Màlí àti ìyá yẹn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan pẹ̀lú wa. Ní báyìí ibojì bàbá mi wà ní Àbíjàn, ti bàbá rẹ̀ wà ní Èjìgbò. Tí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ kí bàbá àgbà wọn, bọ́dà mẹ́rin ni wọ́n máa ré kọjá.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Èjìgbò, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue ni, ọ̀kadà ló ń tún ṣe. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ ẹ̀ sí. Wọ́n bá dáwó ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀, ó dá tiẹ̀, wọ́n bá ń gbẹ́ sàréè, ó mú ṣọ́bìrì wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ ládùúgbò ju àwọn ọmọ tèmi lọ, òun sì ni kò lè rí sátífíkéètì ọmọ ìlú gbà, àwọn ọmọ mi tó ń gbé Ìbàdàn lè gbà á lọ́la. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé mítìn ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ti gbé Treichville ní Àbíjàn fún ìdajì ayé ẹ̀, ló kọ́kọ́ takò mí. Ó ní tá a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àlejò á gba ilẹ̀ bàbá wa mọ́ wa lọ́wọ́, a ò ní rí ibi padà sí.

Ẹ̀rù tó ń bà á yé mi, torí Èjìgbò nìkan ló kù tí kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò. Mo ní kí a ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ilẹ̀ ẹbí ní ẹbí tó ni ín, oyè ní ìdílé tó ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìyẹn. Ìwé tí ọmọ máa fi wọ iléèwé àti èyí tí á fi wáṣẹ́ ìjọba, ọwọ́ ìjọba nìyẹn wà, ìlú tó sì ń gba owó orí lọ́wọ́ bàbá ọmọ jẹ ọmọ ní ìwé. Mo ní kó rántí carte de séjour. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Àbíjàn yàtọ̀. Mo ní kó sọ ibi tó fi yàtọ̀ fún mi. A ṣì wà lórí ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ẹbí ti wà lẹ́yìn mi, a sì ti fẹnu kò pé lẹ́yìn Iléyá, a máa bá ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ mọ́gàjí, kí ẹbí wa jẹ́rìí sí i pé a mọ̀ ọ́n, kí wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ fún wa pé àwọn ò gbà.